Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, Ẹni tí Ó Wọ Inú Awo Ṣànpọ̀nná

Ní ilẹ̀ Yewa tiwa yìí, láti Ìlaró dé Ayétòrò, àti títí lọ dé ẹnubodè ilẹ̀ tí a ń pè ní Dàhómì láyé àtijọ́, kò sí ọmọ tí àwọn baba wa kò kìlọ̀ fún ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pé kí ó má ṣe dárúkọ àrùn kan báyìí. Ṣànpọ̀nná ni orúkọ náà, ṣùgbọ́n a kì í pè é bẹ́ẹ̀. Olóde ni a ń pè é, tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná, tàbí Ọbalúayé, tàbí Baba lásán. Ọmọ tí ó bá fi ẹnu kan orúkọ náà, àgbà a gbá a létí. Bí ó bá sì béèrè ìdí rẹ̀, àgbà a tún gbá a ní ẹ̀ẹ̀kejì. Èmi kò bá àrùn náà láyé, ṣùgbọ́n mo bá àpá rẹ̀ ní ojú díẹ̀ nínú àwọn àgbà ìjọ wa. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ní oṣù yìí ni ẹni tí ó béèrè ìdí náà, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù pa òun lẹ́nu mọ́.

A bí Ògúntọ́lá Sàpárà ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, ní ọdún 1861. Orúkọ tí a fi ń pè é nígbà náà ni Alexander Johnson Williams. Ọmọ Iléṣà ni baba rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Sàró. Ẹ̀gbá ni ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1876 ni ìdílé náà padà wá sí Èkó, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Christopher, ẹni tí ó gba oyè agbẹjọ́rò ní London ní ọdún 1879, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ sí Sàpárà Williams, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó di lọ́yà. Àbúrò kò tètè rí ọ̀nà tirẹ̀. A fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó di apòògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ gbé dúró lórí ọ̀ràn àìsàn àti ìwòsàn, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ẹni tí kò bá mọ bí àwùjọ àwọn Sàró ti rí ní Èkó ní ìgbà náà kò ní mọ ohun tí ó ná ọkùnrin yìí láti jẹ́ irú ẹni tí ó jẹ́. Bí ẹbí kan ni gbogbo wọn rí. Ilé Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ń lọ, ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń rán àwọn ọmọ wọn lọ, àwọn ìdílé wọn sì ń gbé ara wọn níyàwó. Kóòtù àti fìlà òyìnbó ni aṣọ ọjọ́ Ìsinmi, orúkọ wọn a sì máa jẹ́ Williams, tàbí Johnson, tàbí Cole, tàbí Macaulay. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí èyí, ṣùgbọ́n n kò bá wọn ṣe é. Ọmọ àwọn ẹni tí a jí gbé kúrò lábẹ́ òrùlé baba wọn ni wọ́n. Orúkọ yẹn, aṣọ yẹn àti ìjọ yẹn ni òrùlé tuntun tí wọ́n rí fi bo orí. Ẹni tí ó bá jáde lábẹ́ rẹ̀, lójú àwọn ará ilé, ó dà bí ẹni tí ó fẹ́ wó o lé gbogbo wọn lórí.

Síbẹ̀ Alexander Johnson Williams bọ́ orúkọ náà sílẹ̀, ó sì di Ògúntọ́lá Sàpárà. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ṣe irú rẹ̀ ní àkókò náà: ní ọdún 1894 ni David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, di Mọ́jọlá Àgbẹ́bí. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ ìyá méjì yìí. Ẹ̀gbọ́n mú orúkọ ilé, kò sì jọ̀wọ́ orúkọ Sàró, ó so wọ́n pọ̀ ní Sàpárà Williams, ó sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn débi pé ó jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó láti ọdún 1901 títí ó fi kú ní 1915. Àbúrò kò so ohunkóhun pọ̀. Bí ó bá ti gbé ọ̀ràn kan wò, tí ó sì rí ìdí rẹ̀, ibi tí ìdí náà bá tọ́ka sí ni yóò gbà lọ. Mo gbà pé ìwà méjèèjì ní èrè tirẹ̀ fún ìlú.

Ó rékọjá òkun lọ sí London, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwòsàn St. Thomas. Ní ọdún 1895 ó gba ìwé ẹ̀rí dókítà ní Scotland, nígbà tí ó di 1896 ìjọba Èkó sì fi í jẹ oyè igbákejì dókítà ìjọba. Iṣẹ́ ńlá ni èyí fún ọmọ adúláwọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó mọ bí ó ti rí. Ní ọdún 1902 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn dókítà ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sábẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ kan, wọ́n sì ṣe é ní òfin pé ẹni tí òbí rẹ̀ kì í bá ṣe òyìnbó kò lè wọ̀ ọ́. A kọ orúkọ àwọn dókítà dúdú sínú ìwé ọ̀tọ̀, owó oṣù wọn kéré, òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ sì lè di ọ̀gá fún ẹni tí ó ti ń wo aláìsàn kí òun tó jáde ilé ẹ̀kọ́.

Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ohun tí ọgbọ́n ayé yóò sọ fún dókítà adúláwọ̀ ni pé kí ó má ṣe ohunkóhun tí òyìnbó kò ní ṣe. Kí ó jìnnà sí ewé, kí ó jìnnà sí egbò, kí ó má bàa dà bí adáhunṣe lójú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Sàpárà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń tọ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ lọ, ó ń béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí ewé kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ara, ó sì ń fi ìmọ̀ tí ó ti òkè òkun bọ̀ dán ohun tí wọ́n sọ wò. Ó ti ní aṣáájú kan nínú ọ̀ràn yìí, nítorí Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò Àlùfáà Samuel Johnson òpìtàn, ti kọ ìwé nípa oògùn ilẹ̀ wa ní yunifásítì Edinburgh ní ọdún 1889. Ṣùgbọ́n Sàpárà gbé e jìnnà ju kíkọ ìwé lọ, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i báyìí.

Ní ọdún 1897 ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ àti àyíká rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá a láyé, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ń ṣe. Ibà líle ni yóò kọ́kọ́ mú ènìyàn, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ara yóò sì sú, èéwo olómi yóò bo ojú, apá, àtẹ́lẹsẹ̀ àti inú ẹnu. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó bá mú, ó lè pa mẹ́ta. Ẹni tí ó bá sì yè, ojú rẹ̀ a di olóòlù, ẹlòmíràn a fọ́jú. Kò mọ olówó, kò mọ ọba. Ghezo ọba Dàhómì, ẹni tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọ Òkè-Ọ̀dàn wa di ahoro ní ọdún 1848, kú ní 1858. Àwọn kan ní ìbọn ará Kétu ni ó pa á, àwọn mìíràn sì ní ìgbóná ni. Àwọn Fọ̀n gan-an ní òrìṣà àrùn yìí, Sakpata ni wọ́n ń pè é.

Ṣùgbọ́n àrùn nìkan kọ́ ni ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Àṣà kan wà tí ó yí i ká bí ọgbà. Ẹni tí Ṣànpọ̀nná bá pa, ìdílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ sunkún. Wọ́n gbọdọ̀ wọ aṣọ ayọ̀, kí wọ́n sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba pé ó ṣe ohun tí ó wù ú. Àwọn àwòrò òrìṣà náà nìkan ni ó lè sin òkú, inú igbó ni wọ́n sì ń gbé e lọ. Ẹrù òkú di tiwọn: aṣọ rẹ̀, owó rẹ̀, ohun tí ó wà nínú yàrá rẹ̀. Ìdílé náà tún ní ètùtù láti san. Bí opó kan bá fẹ́ béèrè pé kí ni ó pa ọkọ òun, tàbí níbo ni a sin ín sí, gbogbo àdúgbò ni yóò dìde sí i, nítorí wọ́n gbàgbọ́ pé ìbéèrè ẹnìkan lè mú kí Ọba bínú sí gbogbo ìlú. Báyìí ni ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ní sí ara wọn di ohun èlò tí a fi ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Olúkúlùkù dákẹ́ nítorí ọmọ ẹnìkejì rẹ̀.

Dókítà ìjọba ní oògùn kan lọ́wọ́. Láti ọdún 1796 ni Edward Jenner ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi hàn pé bí a bá ha ènìyàn lára, tí a sì fi omi èéwo ìgbóná màlúù sí i, ìgbóná ènìyàn kò ní mú un mọ́. Èyí ni a ń pè ní bùpá. Ṣùgbọ́n oògùn náà a máa bàjẹ́ nínú oòrùn kí ó tó dé ọ̀nà jíjìn, àwọn ènìyàn sì ń sá fún un, nítorí àwọn àwòrò sọ pé ẹni tí ó bá bùpá ti fi Ọba ṣẹ̀sín. Àwọn dókítà òyìnbó rí èyí, wọ́n pè é ní àìmọ̀kan, wọ́n sì padà sí ilé wọn. Sàpárà rí ohun kan náà, ó sì béèrè pé: èéṣe tí àwọn àwòrò fi ń ta ko bùpá tó bẹ́ẹ̀? Àti pé, èéṣe tí àrùn náà a fi máa wọ ilé ẹni tí ó bá wọn ṣe àríyànjiyàn?

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà láti mọ̀. Ohun tí ó wà nínú awo, ọ̀gbẹ̀rì kò lè mọ̀ ọ́n. Àfi kí ènìyàn di awo. Nítorí náà Sàpárà fi ipò rẹ̀ pamọ́, ó sì wọ ẹgbẹ́ awo Ṣànpọ̀nná gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ rò ó wò. Dókítà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní London ni, ọmọ ìdílé tí gbogbo Èkó mọ̀. Bí àwọn awo bá mọ ẹni tí ó jẹ́, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ tàbí àwọn ará Sàró bá gbọ́ pé ó wà ní ojúbọ, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Láàrin ẹgbẹ́ mẹ́ta náà, kò sí èyí tí ó lè sọ ohun tí ó ń ṣe fún.

Ohun tí ó rí ni èyí. Bí èéwo ìgbóná bá ti gbẹ lára aláìsàn tàbí lára òkú, èépá rẹ̀ a máa ṣí. Àwọn àwòrò kan ń ha èépá yìí, wọ́n ń pa á mọ́, wọ́n sì ń fi í ra àwọn ẹlòmíràn lára. A mọ̀ lónìí pé májèlé àrùn náà lè wà láàyè nínú èépá gbígbẹ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí gbogbo ìlú ń pè ní ìbínú Ọba, nígbà mìíràn, ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé e wọlé, ẹni kan náà ni yóò sì wá kó ẹrù lẹ́yìn òkú.

Sàpárà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba. Láàrin ogún ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìjọba fi òfin de bíbọ Ṣànpọ̀nná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òfin náà pa á run. Inú ìkọ̀kọ̀ ni ó wọ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí a ṣì ń bọ ọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ó tọ́ kí n fi ohun kan kún un nítorí òtítọ́. Èépá kan náà tí ń pa ènìyàn lè gba ènìyàn là. Ní ọdún 1721, nígbà tí ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Cotton Mather tí í ṣe oníwàásù ibẹ̀ rántí ohun tí ẹrú rẹ̀ kan láti Áfíríkà, tí ń jẹ́ Onesimus, ti sọ fún un: pé ní ìlú wọn, a ń mú díẹ̀ nínú omi èéwo ìgbóná, a ń fi í sí ojú ibi tí a gé lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, àrùn náà a sì mú un níwọ̀nba, kì yóò sì tún mú un mọ́. Dókítà Zabdiel Boylston ṣe é fún ènìyàn tí ó lé ní 240. Mẹ́fà ni ó kú nínú wọn. Nínú bí 6,000 tí àrùn náà mú fúnra rẹ̀, ó lé ní 800 tí ó kú. Nítorí náà ó lè jẹ́ pé nínú àwọn tí ń tọ́jú èépá ní ilẹ̀ wa, àwọn kan wà tí wọ́n jogún ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba wọn, tí òfin náà sì gbá wọn pọ̀ mọ́ àwọn apànìyàn. Èyí kò mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tí ó fi í pa aládùúgbò rẹ̀ nítorí aṣọ àti owó.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ìsinmi ti ní ìbéèrè kan lọ́kàn, èmi náà sì ní i. Ó ha tọ́ kí ènìyàn wọ ilé òrìṣà kí ó lè mọ àṣírí rẹ̀? Náámánì ará Síríà tọrọ ìdáríjì ṣáájú, nítorí ọ̀gá rẹ̀ a máa fara ti ọwọ́ rẹ̀ ní ilé Rímónì, òun náà a sì tẹrí ba. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀gá ni ó gbé Náámánì lọ. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Sàpárà fi rìn lọ, kò sì sí ẹni tí ó rán an. Ó di ọmọ awo, ó sì tú awo. Lójú Yorùbá, ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ mi bá béèrè lọ́wọ́ mi lónìí pé kí òun ṣe irú rẹ̀, n kò ní lè sọ fún un pé kí ó máa lọ. N kò sì lè wo ojú opó Ẹ̀pẹ́ yẹn, tí a kò jẹ́ kí ó sunkún, kí n sọ fún un pé ìbá dára kí Sàpárà jókòó sí ilé. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn, mo sì ti ń rò ó láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ojúmìító kọ́ ni ohun tí ó ṣe. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ náà. Olójúmìító a máa yọjú sí ọ̀ràn ẹlòmíràn kí ó lè rí nǹkan sọ. Bí ewu bá dé, yóò sá. Òfíntótó jẹ́ ohun mìíràn. Ẹni tí ó ní i yóò fẹ́ mọ ìdí ọ̀ràn, àní bí mímọ̀ náà yóò bá mú kí ó dá dúró láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ìwé a máa ń da àwọn méjèèjì pọ̀. Ọmọ tí ó bá béèrè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, a ní kò ní ẹ̀kọ́. Èmi náà ti ṣe é, ní kíláàsì ìgbaradì fún ìfọwọ́sí, sí ọmọbìnrin kan tí ó béèrè ohun tí n kò mọ̀.

Sàpárà ṣe iṣẹ́ ìjọba títí di ọdún 1928. Ó jà fún ìmọ́tótó ní Èkó, ó jà kí a kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ agbẹ̀bí kí aboyún má bàa máa kú lásán, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ilé híhá tí ń mú un ràn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè Imperial Service Order dá a lọ́lá, ìjọba kan náà tí kò jẹ́ kí ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn dókítà rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1935.

Àrùn tí ó wá ìdí rẹ̀ kò tíì kú nígbà náà. Ní òpin ọdún 1966, William Foege, dókítà ará Amẹ́ríkà tí ó wà pẹ̀lú iṣẹ́ ìjíhìn-iṣẹ́-Ọlọ́run ní apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, gbọ́ pé ìgbóná ti bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ògójà. Oògùn bùpá tí ó wà lọ́wọ́ kò tó gbogbo ènìyàn. Nítorí náà òun àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri láti béèrè abúlé wo ni aláìsàn wà, ilé wo, ta ni ó bá a jẹun. Kìkì àwọn tí ó yí aláìsàn ká ni wọ́n sì bùpá fún. Àrùn náà dúró. Ọ̀nà yìí ni a sì gbà lé e kúrò ní ayé, kò sì lè ṣiṣẹ́ níbikíbi tí àwọn ènìyàn bá ti fi aláìsàn pamọ́, tí wọ́n sì panu mọ́. Oṣù karùn-ún ọdún 1970 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó mú ní Nàìjíríà. Ní 1977 ni ó mú ẹni ìkẹyìn ní ilẹ̀ Somalia. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1980 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kò sí mọ́.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí àpá rẹ̀ wà lójú rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí mo ń múra ìtàn yìí sílẹ̀, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ọdún tí ó ṣe é. Ó kọ́kọ́ yíjú wo ẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà, kí ó tó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pé ọmọdé ni òun nígbà tí Baba kọjá.